Ẹ Mú Ọmọ Yín Tó Ti Dàgbà Lọ Wo Òkun

Ọ̀rọ̀ yìí wà fún gbogbo ọmọ Yorùbá tí a jọ wà ní Jọ́ọ̀sì, àti ẹ̀yin tí ẹ ti ibí kó lọ sí Kàdúná, Kánò àti Àbújá tí ẹ ṣì ń ka ojú ewé yìí. Ẹ mọ̀ pé àwa kì í kọ nǹkan gígùn síbí. Ọ̀rọ̀ wa kì í ju "aṣọ tuntun ti balẹ̀ o, ẹ wá wò ó" lọ. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ti wà lọ́kàn wa láti oṣù kejì ọdún 2025. A sọ díẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn ìpàdé ìlú, àwọn kan sì ní ká kọ ọ́ síta kí gbogbo èèyàn rí i kà.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí: ẹ jẹ́ ká máa mú àwọn ọmọ wa tó ti dàgbà lọ sí etí òkun. Òbí kan, ọmọ kan, ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Kì í ṣe ọmọ kékeré la ń wí o. Ọmọ ogún ọdún sókè ni, tó ti ń fá irùngbọ̀n, tàbí tó ti sin ìjọba tán, tó wà nínú ilé tí òun àti òbí ń wo ara wọn bí ẹni tí wọ́n jọ háyà ilé.

A mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní ọlọ́jà wo ló ń fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lọ wo omi? Àwa náà ló ń sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti ọdún 1991 tí a ti dé ìlú yìí, ẹ̀ẹ̀mejì péré la rò pé a rí òkun, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ọjà la lọ rà ní Balógun, láti orí afárá Third Mainland la sì ti wò ó. Ọdún 2025 gan-an la ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ọ̀sà lásán ni a wò nígbà yẹn, kì í ṣe òkun. Ọmọ ẹni ọdún 25 ló ṣàlàyé rẹ̀ fún wa.

Ẹ wo bí a ṣe ń gbé ná. Aago méje àárọ̀ a ti jáde. Aago méje alẹ́ a wọlé, ẹsẹ̀ ń dùn wá. Ọmọ wà nínú yàrá, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, Dádì." "Ṣé o ti jẹun?" "Mo ti jẹun, sà." Ó tán nìyẹn. A ó tún di ọ̀la. Àwọn ọmọ ń sọ Hausa láàárín ara wọn, àwa ń sọ Yorùbá sí wọn, wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá wa lóhùn. Nígbà tí wọ́n wà nílé ìwé, a ṣì ń rí ọ̀rọ̀ owó ilé ìwé bá wọn sọ. Nígbà tí wọ́n parí, kò sí èyíkéyìí mọ́.

Ọmọ wa àgbà, ẹ jẹ́ ká pè é ní Àjàní, ti parí ìsìnrúùlú láti ọdún kejì sẹ́yìn. A fẹ́ kó wọ ṣọ́ọ̀bù. Aṣọ la ń tà, iṣẹ́ ọ̀hún la fi tọ́ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kì í ṣe iṣẹ́ ìtìjú. Tí a bá ní kó wá, á wá o, kì í ṣe ọmọ alágídí. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí. Tí a bá ní kó wọlé sí ẹ̀yìn kó lọ gbé ìdì aṣọ, á lọ, á sì tètè jáde bí ẹni tí iná ń lé. Tó bá di aago mẹ́rin, á ní òun ń lọ. A pè é ní ọ̀lẹ. A pè é bẹ́ẹ̀ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, nínú àpèjẹ kan, ẹ̀yin kan tí ẹ ń ka èyí wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà kò bá wa jẹun pọ̀ mọ́.

Ìyá wọn ló dá a lábàá. Ẹ̀gbọ́n wa kan kú ní Ògbómọ̀ṣọ́, a fẹ́ lọ síbi ìsìnkú. Ìyá wọn ní, "Ẹ mú Àjàní dání. Tí ẹ bá parí ìnáwó, ẹ má tíì padà, ẹ mú un lọ síbi kan. Èmi á jókòó ti ṣọ́ọ̀bù." A béèrè pé ibo? Ó ní, "Ibi tí kò ti sí ọjà." Ẹ ò rí i pé obìnrin yẹn mọ̀ wá dáadáa. Tó bá jẹ́ Ìbàdàn la lọ, Gbági la máa bá ara wa. Ọmọ náà ló mú òkun wá. Ó ní òun ò rí òkun rí láyé òun, òkúta àti òtútù nìkan lòun mọ̀.

Ọ̀rọ̀ owó wá kàn. Ibí yìí la fẹ́ kí ẹ ti fetí sílẹ̀, torí pé ojú owó ló ń dẹ́rù bà wá jù.

Èkínní, ẹ má ṣe dá ìrìn àjò náà lọ lọ́tọ̀. Ẹ so ó mọ́ ìrìn àjò tí ẹ ti fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀. Lọ́dún, ta ni nínú wa tí kì í lọ sílé lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán, fún ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó? Owó mọ́tò láti Jọ́ọ̀sì dé ilé ló pọ̀ jù nínú gbogbo ìnáwó, a sì ti máa ná an náà. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà tàbí Ìlọrin sí òkun, ohun tó kù kò tó nǹkan mọ́.

Ìkejì, ẹ má lọ ní oṣù Kejìlá. Gbogbo ayé wà ní Èkó nígbà náà, owó gbogbo nǹkan a sì fò sókè. A lọ ní oṣù kejì, láàárín ọ̀sẹ̀. Òjò ò tíì dé, èrò ò sí, àwọn tó ń gba àlejò ń wá oníbàárà.

A mú ₦120,000 kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ fún àwa méjèèjì, fún ọjọ́ mẹ́rin, àlọ àti àbọ̀. Ẹ wá gbọ́ ohun tí a ṣe tí a ò tíì ṣe rí: a kó gbogbo owó náà fún Àjàní. A ní kó máa ná an, kó máa kọ ọ́ sílẹ̀, tó bá tán lójú ọ̀nà, a jọ máa fẹsẹ̀ rìn délé ni. Ojú rẹ̀ yí padà. Ọmọ tí a pè ní ọ̀lẹ ò sùn lóru ọjọ́ yẹn, ó ń fi fóònù ṣírò.

Òun ló ní ká má wọ mọ́tò dé Èkó. Ọjọ́ Ajé, a wọ mọ́tò Ìbàdàn ní Ògbómọ̀ṣọ́, a ní kí dẹ́rẹ́bà já wa sí Mọ́níyà, níbẹ̀ la ti wọ rélùwéè ìrọ̀lẹ́. Rélùwéè Ìbàdàn sí Èkó yìí, láti 2021 ló ti ń gbé èrò, àwa ò sì wọ̀ ọ́ rí. Ìjókòó tó wọ́n kéré jù la mú, ẹ̀rọ atútù ń fẹ́ sí wa lára níbẹ̀ náà. Ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó já wa sí Alágọmejì ní Yábàá. Kò sí gó-síló, kò sí àgbèrò tó ń lù wá léjìká. A sùn sọ́dọ̀ ìbátan wa kan ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta. A ti gbé pòtétò àti kárọ́ọ̀tì Jọ́ọ̀sì dání láti ilé, ìyàwó ilé náà yọ̀ ju ẹni tí a fún lówó lọ. Ẹ rántí èyí o: ẹrù oko tiwa níbí, ọba ni ní Èkó.

Ṣùgbọ́n òru ọjọ́ kan péré ni kí ẹ sùn sílé ìbátan. Ó dín owó kù lóòótọ́, àmọ́ ẹ ò ní rí ọmọ yín bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Gbogbo àdúgbò á wá kí "bàbá tó ti Jọ́ọ̀sì dé", ọmọ á tún padà sínú fóònù.

Àwọn kan sọ fún wa pé ká lọ sí Lẹ́kí, pé òkun wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀. Ẹni tó máa gba owó ẹnu ọ̀nà náà wà níbẹ̀, ẹni tó máa gba owó àga, ẹni tó máa gba owó ibòji, orin a sì máa dún débi pé ẹ ò ní gbọ́ ohùn ara yín. Àgbádárìgì la bá lọ, èyí tí òyìnbó ń pè ní Badagry. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a lọ sí Iganmu, a wọ rélùwéè aláwọ̀ búlúù ti Èkó, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹsàn-án 2023, ó gbé wa dé Máìlì Tù. Ẹ máa nílò káàdì Cowry kí ẹ tó lè wọ̀ ọ́, wọn kì í gba owó lọ́wọ́. Láti Máìlì Tù, a wọ bọ́ọ̀sì Àgbádárìgì. Ọ̀nà yẹn ò dára tán, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. A ka iye ibi tí wọ́n ti dá wa dúró títí ó fi sú wa. Ẹ tètè jáde láàárọ̀, ẹ má rìn lálẹ́.

Òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan nínú ìlú la wọ̀, kì í ṣe èyí tó kọjú sí omi. Èyí tó kọjú sí omi, ojú omi yẹn gan-an lẹ máa san owó fún, bẹ́ẹ̀ ẹ ò sì ní wò ó lóru. Àjàní wọlé, ó yí omi ẹ̀rọ wò, ó tan iná wò, ó béèrè ìgbà tí wọ́n ń tan jẹnẹrétọ̀ àti ìgbà tí wọ́n ń pa á, lẹ́yìn náà ló wá ná an. Wọ́n sọ iye kan, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òru méjì la fẹ́ sùn, àti pé bàbá òun ti ń wo òtẹ́ẹ̀lì kejì. Àwa ò wo òtẹ́ẹ̀lì kankan, bàtà wa la ń tú. Wọ́n dín in kù. A dákẹ́, a ń wò ó. Ọmọ tí kì í fẹ́ tà á ní ṣọ́ọ̀bù!

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, a wọ ọ̀kadà méjì. Ọmọ Hausa ni àwọn méjèèjì. Bí Àjàní ṣe la ẹnu tó ní "Ina wuni," owó ti já sí ìdajì. Wọ́n gbé wa kiri bí ẹni gbé ọba, wọ́n ń béèrè ọ̀nà Jọ́ọ̀sì àti bí ìlú ṣe rí.

A ò ní kọ gbogbo ohun tí a rí. A rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí àwọn ajíhìnrere CMS kọ́ tán ní 1845. Ó ṣì dúró gbọnin, tí ilé tí àwọn kan nínú wa kọ́ lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn ti ń sán. A lọ sí ilé Seriki Williams Abass. Ọkùnrin yìí, ọmọdé ni wọ́n tà á lẹ́rú lọ sí Brazil, ó padà wá, òun náà wá di ẹni tó ń ta ẹrú. Wọ́n fi yàrá tóóró tóóró tí wọ́n ń kó àwọn èèyàn sí hàn wá, wọ́n ní 40 ni yàrá náà, wọ́n ní 40 èèyàn ni wọ́n ń kì sínú ọ̀kan. Àjàní ní, "Dádì, Seriki, Sarki ti Hausa kọ́ nìyẹn?" Ẹni tó ń mú wa kiri ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ Hausa ni. Inú ọmọ dùn pé òun mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ní kó bọ́ sínú yàrá kan kí a yà á ní fọ́tò, ó kọ̀. Ó ní òun ò lè wọ ibi tí kò ní fèrèsé. A rò pé àwàdà ni.

Ọjọ́rú la lọ sí òkun gan-an. Ẹ máa wọ ọkọ̀ ojú omi ní etí ọ̀sà, á gbé yín sọdá sí erékùṣù Gberefu, kò pẹ́ rárá. Ẹ rí i dájú pé wọ́n fún yín ní jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì, ẹ dè é dáadáa, ẹ má ṣe bí akọni. Ẹ lè bá àwọn mìíràn pín owó ọkọ̀. Àjàní dúró títí tìyá-tọmọ kan tó wá láti Ìjẹ̀bú fi dé, ó ní kí a jọ san án. Tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ní òdìkejì, ẹsẹ̀ ni. Iyanrìn ni gbogbo ilẹ̀, igi àgbọn wà lọ́tùn-ún lósì, àwọn Ẹ̀gùn onílé a máa kí yín. Ọ̀nà tí wọ́n ń mú àwọn ẹrú gbà nìyẹn. Kànga kan wà lójú ọ̀nà, wọ́n ní bí wọ́n bá ti mu omi rẹ̀, wọn ò ní rántí ilé mọ́. Ní ìparí ọ̀nà, òpó méjì dúró, wọ́n dojú kọ òkun, Ibi Àìpadàbọ̀ ni wọ́n ń pè é.

Kí a tó rí òkun la ti ń gbọ́ ọ. A rò pé mọ́tò ńlá ni. Ìgbà tí a yọ sí i, ẹ̀yin èèyàn wa, a ò lè purọ́, ẹsẹ̀ wa kọ̀. Omi tí kò lópin! Ọmọ ọdún 25 bọ́ bàtà, ó sá lọ bí ọmọ ọdún mẹ́fà. A pariwo pé kó má wọ̀ ọ́ kọjá kókósẹ̀. Ìyẹn ṣe pàtàkì o: òkun ibẹ̀ kì í ṣe èyí tí à ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ìgbì rẹ̀ le, ó sì ń fa èèyàn lẹ́sẹ̀. Ọmọ Jọ́ọ̀sì tó jẹ́ pé odò àárín òkúta ló mọ̀, ẹ jẹ́ kó dúró ní etí rẹ̀.

A jókòó lórí iyanrìn. A ra àgbọn, wọ́n bẹ́ ẹ, a mu omi rẹ̀. A jẹ ẹja díndín pẹ̀lú gaàrì tí a gbé láti ilé, ẹ̀pà wa wà nínú ọ̀rá. Kò sí fóònù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lọ ó ń bọ̀. Ó tó wákàtí kan tí a kò sọ nǹkan kan. Nílé, tí bàbá bá ní "jókòó, jẹ́ ká sọ̀rọ̀," ọmọ ti mọ̀ pé ẹjọ́ ni, ó ti palẹ̀ irọ́ mọ́. Níbẹ̀ yẹn, a jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ara wa, ojú wa méjèèjì wà lára omi, kò sẹ́ni tó ń wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ni ọmọ yìí bá ní, "Dádì, ẹ rántí 2008?"

Ẹ̀yin tí a jọ wà ní Jọ́ọ̀sì, kò yẹ ká máa ṣàlàyé 2008 fún yín. Oṣù kọkànlá, lẹ́yìn ìbò ìjọba ìbílẹ̀. Àwa wà ní Kánò lọ́jọ́ tí wàhálà náà bẹ̀rẹ̀, a lọ ra ọjà ní Kàntín Kwárí. Ọ̀nà dí, wọ́n fi òfin kónílé-ó-gbélé de ìlú. Ọjọ́ kẹta la tó rí ọ̀nà wọlé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Àjàní nígbà yẹn. Aládùúgbò wa kan, tí kì í ṣe Yorùbá, tí ẹ̀sìn rẹ̀ sì yàtọ̀ sí tiwa, ló kó ìyá wọn àti àwọn ọmọ pamọ́. Èyí la mọ̀. A ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, a ṣì ń dúpẹ́ títí dòní.

Ohun tí a kò mọ̀ ni pé yàrá ìkẹ́rùsí kan tí kò ní fèrèsé ló kó wọn sí, lẹ́yìn ìdì ẹrù, àti pé wọ́n di ẹnu ọmọ náà mú kó má baà sunkún. Ó gbọ́ ohùn àwọn tó ń kọjá níta. Ó ní òun mọ ohùn ẹnì kan nínú wọn. Ó ní ní gbogbo ìgbà tí òun bá wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wa, níbi tí ìdì aṣọ wà, òórùn aṣọ tuntun yẹn ń gbé òun padà sínú yàrá ọjọ́ náà.

Ọmọ tí a ń pè ní ọ̀lẹ.

Kò dúró níbẹ̀. Ó fi ìka kọ nǹkan sínú iyanrìn, ó pa á rẹ́, ó ní, "Nígbà tí ẹ dé, ṣọ́ọ̀bù lẹ kọ́kọ́ lọ wò, kí ẹ tó wá wò wá."

A fẹ́ ṣàlàyé. Àlàyé wà lẹ́nu wa: ṣọ́ọ̀bù wà lójú ọ̀nà láti párkì. Ọjà ńlá Jọ́ọ̀sì jóná ní 2002, gbogbo ohun tí a ní bá a lọ, ẹ̀rù ń bà wá pé ó tún ti ṣẹlẹ̀. A ti pe fóònù, a mọ̀ pé wọ́n wà láàyè. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni ti ọmọ náà pẹ̀lú. A lọ wo ṣọ́ọ̀bù. A tilẹ̀ dúró ka ọjà. Ọdún 16 ni ọmọ yìí fi gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì, tí a jọ ń gbé inú ilé kan.

A ní, "Òótọ́ ni. A ṣe é. Jọ̀wọ́, má bínú."

Àwa bàbá Yorùbá, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa, ṣé a ti sọ "má bínú" fún ọmọ rí? Àwa ò sọ ọ́ rí. Kò sì pa wá. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Kò tọ́pẹ́, sà." Àṣìsọ Yorùbá ọmọ Jọ́ọ̀sì nìyẹn, a mọ ohun tó fẹ́ sọ. A rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú wa, a sì fi ẹ̀rín bo èyí tí kì í ṣe ẹ̀rín nínú rẹ̀.

Nígbà tí a padà dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní Ọjọ́bọ̀, Àjàní kó ₦17,500 lé wa lọ́wọ́ pẹ̀lú ìwé tó kọ ìnáwó sí, láti orí owó ọkọ̀ ojú omi dé orí omi inú ọ̀rá. Ẹ fi ìyókù wé ohun tí a ná sórí aṣọ ẹbí, fìlà àti bàtà fún ìsìnkú tí a tìtorí rẹ̀ wálé, àwa àti ìyá wọn: ₦140,000. Aṣọ náà wà nínú àpótí. Ẹ má bínú sí wa, ẹ̀yin tí a jọ ń ta aṣọ. Àwa tí à ń jẹun lórí aṣọ ẹbí ló ń sọ̀rọ̀ yìí, a ò ní kí ẹ má ra aṣọ mọ́ o, ebi á pa wá. Ohun tí a ní ni pé, nínú aṣọ mẹ́ta lọ́dún, ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀.

Ẹni kan sọ fún wa níbi ìpàdé pé ọmọ ọdún 25 yẹ kó lè mú ara rẹ̀ lọ síbi tó bá wù ú. Ó lè mú ara rẹ̀ lọ lóòótọ́. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló máa lọ nígbà náà, ọ̀rẹ́ ló sì máa gbọ́ ohun tó yẹ kí bàbá gbọ́. Ẹlòmíràn ní ọmọ obìnrin lòun bí, kí ni bàbá àti ọmọbìnrin fẹ́ lọ máa ṣe létí òkun? Kí ìyá mú un lọ. Kí bàbá jókòó ti ṣọ́ọ̀bù ní tiẹ̀, kó wò bó ṣe ń rí. Ìyá wọn ta ọjà jù wá lọ ní ọ̀sẹ̀ náà, ẹ má sọ fún un pé a kọ ọ́ síbí.

Ẹ̀yin èèyàn wa tó wà ní Úyò, Ábá àti Port Harcourt, ẹ ò nílò láti dé Àgbádárìgì. Òkun Ibeno wà ní Akwa Ibom, ẹ gba Eket lọ, iyanrìn rẹ̀ gùn lọ réré. Ẹni tó bá mọ òtẹ́ẹ̀lì tí kò wọ́n níbẹ̀, kó kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí fún àǹfààní àwọn yòókù.

Àwọn kan ti béèrè bóyá Àjàní ti wá wọ ṣọ́ọ̀bù báyìí. Rárá. Ó ní òun ò ní wọ̀ ọ́, a ò sì bi í mọ́. Ó ń bá ẹnì kan ra pòtétò àti kárọ́ọ̀tì láti oko, wọ́n ń kó o lọ sí Èkó, ìyàwó ìbátan wa ti Ẹ̀bútè Mẹ́ta ni oníbàárà rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní ti àwa, a ti ní kí kápẹ́ńtà wá la fèrèsé kan sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Onílé ò tíì gbà. A ṣì ń bẹ̀ ẹ́.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ti ń béèrè pé ìgbà wo ló kan òun. Ìgbéyàwó kan ń bọ̀ ní Ọ̀ffà ní oṣù kọkànlá. Ìyá wọn ti ń ṣírò.